Ilé Ìkàwé Tí A Ò Ti Gbọdọ̀ Lanu

Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n lé àwa mẹ́rin jáde kúrò nínú láíbìrì. A ò jà, a ò jẹun níbẹ̀, fóònù ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì dún. Oríkì ni a ń kì. Ìdánwò lítíréṣọ̀ alohùn ku ọjọ́ mẹ́ta, olùkọ́ wa sì ti sọ pé òun máa ní kí oníkálukú kì í jáde lẹ́nu níwájú òun. A lọ jókòó sí igun tó jìnnà jù lọ, lẹ́yìn àwọn pẹpẹ ìwé, a ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kì oríkì wúyẹ́wúyẹ́ rí yóò mọ̀ pé ìyà lásán ni. Ohùn ni oríkì. Ọ̀kan nínú wa gbàgbé ara rẹ̀, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, kí a tó mọ̀, màmá tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti dúró lórí wa.

"Ṣé ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri yẹn ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ kó ìwé yín, kí ẹ máa lọ síta. Ibí yìí kì í ṣe ọjà."

A kó ìwé wa. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ni a ti parí rẹ̀, kí òjò tó tún lé wa kúrò níbẹ̀. A yege ìdánwò náà, a dúpẹ́. A ò sì bínú sí màmá yẹn, torí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ilé náà fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ bá wí.

Ohun tó jẹ́ kí a máa kọ èyí lásìkò yìí ni pé ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Ajue, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé kan lágbègbè náà ń dáwó jọ báyìí láti kọ́ ilé ìkàwé fún àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, kí Ọlọ́run bùkún àpò wọn. Wọ́n fi àwòrán ilé náà sórí WhatsApp, gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn kú oríire, àwa náà sì bá wọn yọ̀. Ìgbà tí a wá tẹjú mọ́ àwòrán náà dáadáa ni ayọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Yàrá ńlá kan ṣoṣo ni. Ògiri mẹ́rin, ilẹ̀kùn kan, tábìlì olùtọ́jú ilé lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà tábìlì kéékèèké ní ìlà-ìlà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pákó lọ́tùn-ún àti lósì kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ má ba à rí ẹnì kejì rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kankan ò tíì délẹ̀, ayàwòrán ti bá wọn kọ SILENCE sára ògiri.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ilé ìkàwé tí kò ní ibi tí ọmọ ti lè jókòó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jọ ka nǹkan sókè, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìdajì ilé ìkàwé ni. Owó odidi ilé sì ni wọ́n ń dá.

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí inú èdè wa ni ó wà. Orúkọ méjì ni a fi ń pe ibẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ilé ìkówèésí, àwọn kan ní ilé ìkàwé, ọ̀pọ̀ wa sì máa ń lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibi tí a kó ìwé sí ni àkọ́kọ́. Ìwé lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ilé ìwé girama tí ẹlòmíràn nínú wa lọ (a ò ní dárúkọ rẹ̀) ní irú rẹ̀: yàrá kan tó kún fún ìwé, àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó wọ yàrá náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ láti lọ gbá a nígbà tí àlejò ń bọ̀.

Ilé ìkàwé ni èkejì. Ẹ wá wo "kà" fúnra rẹ̀. À ń ka owó. À ń ka ẹ̀ṣẹ̀ síni lẹ́sẹ̀. À ń ka lẹ́tà sétí ìyá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n kà. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnu ń ṣiṣẹ́, etí ẹlòmíràn sì wà nítòsí. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn ka nǹkan láìsọ ọ́ síta, a ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "kà á sínú." Kíkà á sókè ni kò nílò àlàyé. Èdè wa ti mọ èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀ àti èyí tó jẹ́ àfikún, àwọn tó ń ya àwòrán ilé ìkàwé ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tẹ̀ jáde ní Yorùbá, láti orí pátákó ojú pópó títí dé ìwé ìkéde, kò ní àmì kankan lórí. Ẹni tó bá rí "ogun" lórí ìwé ní iṣẹ́ láti ṣe: ṣé ogun tí à ń jà ni, àbí ogún tí à ń pín, àbí Ògún onírin? Ẹni tó dá nìkan jókòó lè mú èyí tí kò tọ́ kó sì máa bá a lọ dé òpin ojú ewé. Bí ẹni méjì bá jọ ń kà á sókè, etí ẹnì kejì á gbé e. A ti ka ìwé Fágúnwà báyìí nínú kíláàsì, tí ẹnì kan ń kà, tí àwọn yòókù ń dá a dúró: "Rárá o, padà sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ nìyẹn." Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìdádúró yẹn, olùkọ́ ò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wa.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní òyìnbó ló gbé "kí akẹ́kọ̀ọ́ máa jọ kẹ́kọ̀ọ́" yìí dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bi àwọn àgbẹ̀ kòkó tó wà ní Ajue àti agbègbè rẹ̀ léèrè ohun tó ń jẹ́ àáró. Lónìí, a lọ sí oko tìrẹ. Lọ́la, a wá sí oko tèmi. Kò sẹ́ni tó ń san owó, kò sì sẹ́ni tó ń gbàgbé ọjọ́ tó kàn án. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ti àáró lọ, ènìyàn á bẹ ọ̀wẹ̀. Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ifásitì ṣe ń kàwé gan-an nìyẹn. Ẹni tí fonọ́lọ́jì yé á ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lónìí, ẹni tó gbọ́ ìtàn dáadáa á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. TDB tí gbogbo yín mọ̀, tí a fi ń kàwé mọ́jú, àáró ni. Láàárín wa, ó lé ní ẹni méjì tí ì bá ti fìdí rẹmi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè bí kò bá sí ọ̀rẹ́ tó jókòó tì wọ́n ní aago méjì òru.

Níbo wá ni a ti ń ṣe é? Nínú kíláàsì tí àga rẹ̀ ti kán. Lórí àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Lábẹ́ iná ojú títì. Lẹ́bàá ọ̀dọ̀ ìyá oníṣàì, tí a ó ra ṣáì kan kí wọ́n má ba à lé wa. Ibi gbogbo ni a ti ń ṣe é, àfi inú ilé tí wọ́n dìídì kọ́ fún ìwé kíkà.

A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń bú àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ilé ìkàwé nílẹ̀ wa. Ẹ lọ wo ti Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi sọrí Kenneth Dike, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ifásitì náà. Tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya á. Wọ́n fi ihò-ihò ṣe ara ògiri rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá kí oòrùn má sì ráyè wọlé tààrà. Bí iná bá lọ, ènìyàn ṣì lè mí níbẹ̀. Ẹ lọ wo Ilé-Ifẹ̀ náà, ọgbà tí Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì ya, níbi tí àjà òkè ti yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní àwọn ilé Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà, tí ilé fúnra rẹ̀ fi ń ṣe agbòjò fún ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn yẹn ronú. Wọ́n bi oòrùn àti òjò léèrè kí wọ́n tó gbé rúlà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí wọ́n ń kọ́lé fún nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Ẹni tó bá wà lára 104 lè rí ibi tí yóò ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó wá lọ sí láíbìrì láti lọ dákẹ́. Àwa tí a ń sùn ní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú yàrá kan ń kọ́? Ohun tí wọ́n rí lójú ayé tiwọn ni wọ́n kọ́. Àwa ni a ń fi àádọ́rin ọdún da ilé kan náà kọ, tí a ò tilẹ̀ da ihò ara ògiri rẹ̀ kọ mọ́. Ògiri dídì àti fèrèsé gíláàsì ni a ń kọ́ báyìí, tí a ó wá máa dúró de ẹ̀rọ amúlétutù tí kò níná.

Àwọn tí a kọ́ dídákẹ́ lọ́wọ́ wọn pàápàá ti kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 2006, ifásitì Glasgow Caledonian ní Scotland ṣí ilé kan tí wọ́n ń pè ní Saltire Centre. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni ibi ariwo: oúnjẹ wà níbẹ̀, ìjókòó wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni ó ń dákẹ́ sí i, títí dé òkè pátápátá níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ ìró ojú ewé. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ rẹ ni yóò gbé ọ lọ sí ibi tó bá ohun tí o fẹ́ ṣe mu. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí débi pé ènìyàn lè ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìkàwé ìjọba àdúgbò náà gba ẹ̀bùn Stirling ní ọdún 2000, ẹ̀bùn tó tóbi jù lọ fún àwọn ayàwòrán ilé níbẹ̀. Will Alsop ló ya á. Ó gbé yàrá rìbìtì mẹ́ta sórí òpó láàárín gbọ̀ngàn, kí àwọn ọmọdé àti àwọn tó ń ṣèpàdé lè ní àyè tiwọn láìdí ẹni tó ń kàwé lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ lè lanu nínú ilé ìkàwé. Ti Ajue, a fẹ́ fi pákó bo ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Kò sì pọn dandan kí a lọ sí Glasgow kí a tó rí àpẹẹrẹ. Agboolé àwọn bàbá wa ti ní i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, níbi tí gbogbo ènìyàn ń kọjá, tí àgbà ń jókòó sí, tí ọmọdé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ò pè é sí. Àgbàlá wà láàárín, tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí òrùlé ń da omi òjò sí. Yàrá wà, ìyẹ̀wù sì wà nínú yàrá fún ẹni tó bá fẹ́ dá wà. Láti ibi ariwo dé ibi ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé kan náà, láìsí àkọlé kankan lára ògiri. Ẹni tó bá wọ ìyẹ̀wù mọ̀ pé ìyẹ̀wù ni òun wà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Ajue kò ju báyìí lọ. Kí wọ́n mú yàrá ńlá yẹn, kí wọ́n fi ògiri pín in sí méjì tí kò dọ́gba. Kí èyí tó kéré wà lẹ́yìn, kí ó jẹ́ ibi ìdákẹ́jẹ́. Kí ìwé wà láàárín, lára ògiri tó pín wọn, kí àwọn ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lè máa dé ibẹ̀. Kí iwájú ní tábìlì tí ọmọ méjì lè gbé, kí wọ́n lè tò ó pọ̀ tàbí kí wọ́n tú u ká, kí pátákó ìkọ̀wé sì wà lára ògiri mẹ́ta, kì í ṣe fún olùkọ́, fún àwọn ọmọ fúnra wọn. Kí wọ́n wá na òrùlé síta ní ẹsẹ̀ bàtà 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí wọ́n to bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ á ti máa kì oríkì.

Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má gbàgbé sílíìnì. Inú igbó òjò ni Òdìgbó wà. Bí òjò ibẹ̀ bá bọ́ sórí páànù tí kò ní nǹkan kan lábẹ́, SILENCE tí wọ́n kọ sára ògiri á dàwàdà. Àti pé ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ agbégi ń gbà kọjá nìyẹn, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́jáde tó lè sọ fún dírẹ́bà tírélà pé kó rọra.

A ò fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀ láàárín ara wa. Ọ̀kan nínú wa bínú nígbà tí a kọ́kọ́ kọ èyí, torí pé a ti fẹ́ yọ ibi ìdákẹ́jẹ́ kúrò pátápátá. Ó ní a ò mọ ohun tí à ń sọ. Yàrá kan ni àwọn méje ń gbé nígbà tó ń múra WAEC, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, ọmọ ọwọ́ ń ké, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lójú fèrèsé. Láíbìrì ìjọba nìkan ni ibi tí ó ti gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò rí. "Ẹ̀yin tí ilé yín dákẹ́," ó ní, "ẹ̀yin lẹ lè máa wá ariwo kiri." Kò sẹ́ni tó fèsì. Òun ló jẹ́ kí ìyẹ̀wù wọ inú àwòrán wa, òun náà ló sì ní kí ó jẹ́ ibi tó jìnnà jù lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àgbà kan tí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní àwọn ọmọ á kàn máa tàkúrọ̀sọ níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tàkúrọ̀sọ. Wọ́n ń ṣe é nínú kíláàsì náà, a ò sì torí ẹ̀ wó kíláàsì. Ti olè ìwé ni ó dùn wá jù, torí òótọ́ wà níbẹ̀, ìwé máa ń sọnù. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lẹ́yìn àgádágodo, ẹ sọ fún wa, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ti sọnù lójú ọmọ tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè akápò wọn nìkan ló nira. Ó pe ọmọ Ajue inú wa lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, a ti gbọ́ gbogbo gírámà yín, ó dára. Ta ló máa san owó páànù tí ẹ ní kí a nà síta yẹn?" A ti jókòó ṣírò rẹ̀. Tábìlì olójú-bíbò tó wà nínú àwòrán jẹ́ 24, ìnáwó ọwọ́ kápẹ́ńtà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò kéré, torí pákó mẹ́ta ló gbé dìde lórí rẹ̀. Kí wọ́n ṣe 8 péré fún ìyẹ̀wù. Fún ìyókù, kí wọ́n ra pákó ní Ọ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la igi, kí wọ́n fi kan bẹ́ǹṣì àti tábìlì gbọọrọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù lórí tábìlì 16, kí wọ́n fi ra páànù ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ẹ̀gbẹ́ kejì lè dúró de àwọn tó máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni ìpàdé wọn. Ọmọ Ajue inú wa máa wọkọ̀ lọ, àwòrán tí a fi bírò àti rúlà yà wà nínú báàgì rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti jáde, tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó máa wà níbẹ̀, ẹ bá wa pè é kí ọjọ́ náà tó pé. Wọ́n ní sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀.